Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Àwọn Apẹja Lẹ́nu Iṣẹ́ Lójú Òkun

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ìpẹja ńlá, ariwo ẹ́ńjìn, okùn tó ń sáré àti omi tó ń ta síni lójú ni yóò gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ní ètò, ó sì ń yí po. Wọ́n á ju àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n á dúró dè é, wọ́n á fà á, wọ́n á tú ẹja sílẹ̀, wọ́n á ṣà á, wọ́n á yọ ìfun rẹ̀, wọ́n á kó o sínú yìnyín, wọ́n á fọ dẹ́kì, wọ́n á sì tún àwọ̀n jù. Ayafọ́tò tó bá mọ ohun tó kàn á ti dúró síbi tó yẹ kí nǹkan ọ̀hún tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni yóò máa yà ṣáá, yóò sì tún máa dí wọn lọ́wọ́. Lójú tiwa, ìmọ̀ iṣẹ́ apẹja ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà olówó gọbọi lọ, ibẹ̀ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ irú àwọ̀n tí ọkọ̀ náà ń lò

Ọkọ̀ tó bá ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, ìdí ọkọ̀ ni ohun tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọ̀n lè wà nínú omi fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó fà á, nítorí náà ìgbà díẹ̀ ni gìrìgìrì iṣẹ́ fi máa ń wà, oorun, oúnjẹ àti àtúnṣe ló gba ìyókù.

Ọkọ̀ tó ń fi àwọ̀n yí agbo ẹja ká yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀gá ọkọ̀ lè wá ẹja fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí nǹkan kan, kí gbogbo rẹ̀ sì wá bẹ́ lójijì. Ibi gíga ló dára jù níbẹ̀, torí láti òkè lẹ ti lè rí bí àwọ̀n ṣe yí po àti bí omi àárín rẹ̀ ṣe ń hó nígbà tí ẹja bá ń jà.

Ní ti okùn gígùn tó kún fún ìwọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fà á wọlé, ẹnì kan á sì dúró ti igbá ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá onírin láti gbé ẹja tó bá tóbi. Ìgbà tí wọ́n ń ju okùn yìí sílẹ̀ ló léwu jù. Ìwọ̀ á máa fò jáde tẹ̀ léra wọn, èyí tó bá kọ́ aṣọ tàbí ọwọ́ èèyàn yóò wọ́ onítọ̀hún lọ sínú omi. Ẹ jìnnà réré, kí ẹ lo lẹ́ńsì gígùn.

Ìgèrè la máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nímọ̀ràn pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fà á sókè, wọ́n á ṣí i, wọ́n á kó ohun inú rẹ̀, wọ́n á fi ìdẹ tuntun sí i, ó di inú omi padà, òmíràn á sì tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ níbi èkíní, ẹ lè rí i yà níbi ìkẹta tàbí ìkẹwàá. Àwọ̀n tí wọ́n nà dúró sínú omi kí ẹja lè há sí i lójú, iṣẹ́ ìka ọwọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà lẹ́ńsì tó lè sún mọ́ nǹkan dáadáa ni kí ẹ gbé dání.

Ìyọ̀ǹda

Ọ̀gá ọkọ̀ ló kọ́kọ́ kàn, tó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíì ló ni ọkọ̀, ẹ bá olúwarẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn wọn, ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé ọ̀gá gbà kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ló gbà. Ẹ sọ ibi tí fọ́tò ń lọ láìfi bò: ìwé ìròyìn, ìfihàn, íntánẹ́ẹ̀tì, àbí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ kí ojú òun hàn, ẹ má bi í ní ìdí. Ẹ lè ya ọwọ́ rẹ̀, ẹ lè ya ẹ̀yìn rẹ̀, tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ bá wà nínú ọkọ̀, òbí rẹ̀ ló ni ìyọ̀ǹda.

Nígbà tí ẹ bá ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ọkọ̀ tó ṣí: aago mélòó ni wọ́n máa ń ju àwọ̀n, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó fà á, ibo ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró, ibo ni ẹ̀wù ìléfòó wà, kí sì ni kí ẹ ṣe bí ẹnì kan bá já sómi. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta yẹn ni kí ẹ há sórí jù lọ.

Ibi tí ẹ ó dúró sí àti ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró sí

Okùn àti wáyà tó le dan-in ló ń ṣe èèyàn léṣe jù lórí dẹ́kì. Bó bá já, ó lè ta padà pẹ̀lú agbára tó lè ṣẹ́ egungun tàbí gba ẹ̀mí èèyàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró sí ọ̀nà tí wáyà ń gbà fà, ẹ má ṣe dúró sí igun inú níbi tí okùn ti ṣẹ́rí gba ara àgbá ìfàkùn. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ inú okùn tó ká jọ sílẹ̀, bó ti wù kó dà bíi pé ó sùn tó. Tí àwọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, okùn yẹn á fún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ má ṣe dúró sábẹ́ ohunkóhun tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gbé rọ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí ojú yín bá wà nínú kámẹ́rà. Ihò tí wọ́n ń gbà da ẹja sí ìsàlẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ́ kí ojú kejì là nígbà tí ẹ bá ń yà, kí ẹ sì máa gbé kámẹ́rà kúrò lójú ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láti wo àyíká. Ọwọ́ kan fún ọkọ̀, ọwọ́ kan fún kámẹ́rà: tí ìgbì bá ń jà, ẹ di nǹkan mú.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì kámẹ́rà kúrò ní kékeré. Èyí tó bá rọ̀ dirodiro lọ́rùn lè kọ́ àwọ̀n tàbí ẹ̀rọ, kó sì fa ọrùn lọ. Ẹ lo èyí tó ń há kámẹ́rà mọ́ àyà tàbí ọrùn ọwọ́, tó sì lè tú lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá fà á. Bí ẹ̀wù ìléfòó yín bá jẹ́ irú èyí tó ń wú fúnra rẹ̀, bẹ́líìtì kámẹ́rà kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, torí kò ní jẹ́ kó wú bó ṣe yẹ, tàbí kó fún yín láyà nígbà tó bá wú. Ẹ̀wù ìléfòó ni kí ó wà lókè gbogbo nǹkan. Bàtà tí kò ń yọ̀ sì ni kí ẹ wọ̀, nítorí omi, ìpẹ́ àti ìfun ẹja ló máa ń bo dẹ́kì.

Òòyì òkun ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ayafọ́tò jẹ́. Oògùn rẹ̀, kí ọkọ̀ tó ṣí ni kí ẹ ti lò ó, gẹ́gẹ́ bí ìwé inú páálí rẹ̀ ṣe wí. Tí èébì bá ti ń gbé yín, ó ti pẹ́ jù. Àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń múni tòògbé, nítorí náà ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ ná. Wíwo ojú kámẹ́rà láti yẹ fọ́tò wò nígbà tí ọkọ̀ ń mì ló ń tètè dá a sílẹ̀. Ẹ fi àyẹ̀wò sílẹ̀ di ìgbà tí omi bá rọlẹ̀, kí ẹ gbójú sókè síbi tí òkun ti pàdé sánmà.

Irinṣẹ́, àti bí iyọ̀ ṣe ń bà á jẹ́

Kámẹ́rà méjì ló dára jù: ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́ńsì 24–70 tàbí 35, èkejì pẹ̀lú 70–200 (mílímítà ni; èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ń gba àyè gbòòrò, èyí tó tóbi ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni). Ohun tó fà á ni pé pípààrọ̀ lẹ́ńsì lórí dẹ́kì jẹ́ ọ̀nà tó yá jù láti fi omi iyọ̀ sórí sensor, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ní, 24–70 ni kí ẹ mú. Nínú ọkọ̀ kékeré, lẹ́ńsì gígùn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò àyàfi fún ọkọ̀ mìíràn tó wà lókèèrè àti fún ohun tó léwu láti sún mọ́.

Kámẹ́rà tí wọ́n ní òjò kò lè ṣe nǹkan kan fún, òkun lè ṣe é. Omi iyọ̀ máa ń gbẹ sínú ojú bọ́tìnì, á sì jẹ irin inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti délé. Ẹ fi ìbora òjò wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí, ọ̀rá ńlá tí kò lójú àti rọ́bà tí ẹ fi dì í mọ́ etí lẹ́ńsì ti tó. Fílítà UV (gíláàsì pẹlẹbẹ tí kò ní àwọ̀) tó mọ́ ni kí ẹ fi sójú lẹ́ńsì, kó lè jẹ́ pé òun ni iyọ̀ ń bà jẹ́. Fóònù tí wọ́n kọ IP67 sí lára, ohun tí wọ́n fi dán an wò ni omi tó mọ́, mítà 1, ìṣẹ́jú 30. Omi òkun kò sí nínú àdéhùn yẹn, ojú fóònù kì í sì í gbọ́ràn sí ìka tó tutù lẹ́nu.

Ẹ kó aṣọ ìnulẹ́ńsì tó pọ̀, ó kéré tán mẹ́fà, sínú ọ̀rá onísíìpù. Tí omi bá ta sójú lẹ́ńsì, ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kó fa omi náà mu, ẹ má ṣe fà á gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, torí iyọ̀ tó ti gbẹ dà bí iyanrìn, yóò ha ojú rẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú omi tó mọ́, tí ẹ sì fún dáadáa, nu gbogbo ara kámẹ́rà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi èyí tó gbẹ nù ún.

Ìrì jẹ́ ọ̀tá mìíràn. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà láti inú ibi tútù, bíi yàrá yìnyín, bọ́ sí afẹ́fẹ́ tó gbóná tó sì lọ́rinrin, lẹ́ńsì á ṣókùnkùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá pinpin kí ẹ tó kọjá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbóná bí àyíká rẹ̀, ó lè tó ìdajì wákàtí. Ní ojú omi tó tutù nini, bátìrì tètè ń kú; àpò inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ni kí ẹ fi àwọn tó kù sí.

Bí ẹ ó ṣe to kámẹ́rà

Ẹ ya fọ́tò sí RAW, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí. Ìmọ́lẹ̀ ojú òkun máa ń yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, kò fi ní fàyè tó tó sílẹ̀ fún àtúnṣe.

Ní ti ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó sì ń pa dé, tí à ń fi ìdá ìṣẹ́jú àáyá kà, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílò 1/500. Omi tó ń ta, ẹja tó ń já bọ́, 1/1000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí okùn tó ń sáré hàn bí ohun tó ń sáré, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 1/30, kí ẹ wá ẹnì kan nítòsí rẹ̀ tó dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ á já gaara, okùn á sì ṣe bàìbàì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aperture (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) f/5.6 sí f/8 ti tó fún iṣẹ́ ojú dẹ́kì. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa yan ISO (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó), kí ẹ fi 6400 ṣe òpin rẹ̀ tàbí bí kámẹ́rà yín bá ṣe lágbára tó. Ẹ má ṣe fara ti igbá ọkọ̀ tàbí ògiri yàrá ọ̀gá nígbà tí ẹ bá ń yà: ẹ́ńjìn ń gbọ̀n wọ́n, kámẹ́rà á sì gbọ̀n pẹ̀lú wọn. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ara yín gba ìgbọ̀n náà.

Fífún ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tó tọ́ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ìfófòó omi funfun, aṣọ òjò aláwọ̀ yẹ́lò, ìpẹ́ ẹja tó ń dán, gbogbo wọn ń tan kámẹ́rà jẹ, ojú èèyàn tó wà lábẹ́ fìlà á wá ṣókùnkùn biribiri, pàápàá ẹni tó dúdú. Ojú èèyàn ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìfófòó díẹ̀ jóná, ìyẹn kó funfun láìsí nǹkan kan tó hàn nínú rẹ̀, bó bá pọndandan. Ìpẹ́ ẹja ni kò yẹ kó jóná: ẹ sún díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìtànṣán yẹn á kúrò. Fílítà polarizer, èyí tó ń dín dídán kù, náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó tó stop kan sí méjì (stop kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì), kò sì yẹ kó wà lójú lẹ́ńsì nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ní òru, iná ńlá orí dẹ́kì máa ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé ojú wa rí i, ilà dúdú á sì gba inú fọ́tò kọjá. Bí iná bá jẹ́ 50 Hz (iye ìgbà tó ń yí padà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ lo 1/50 tàbí 1/100. Bó bá jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/120. Tí ilà bá ṣì wà, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ, torí jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ kì í fìgbà gbogbo dúró sójú kan.

Fíláàṣì, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó tàn án. Ó ń fọ́ ojú ẹni tó wà nídìí ìdarí, tí òkùnkùn ti mọ́ lójú, ẹ̀mí gbogbo yín sì wà lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ẹ̀kán omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á di àmì funfun, tépù tó ń dán lára aṣọ òṣìṣẹ́ á sì gba gbogbo fọ́tò mọ́ wọn lọ́wọ́. Iná dẹ́kì ló dára jù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fa àwọ̀n

Ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹ lè ya díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín nígbà yẹn ni kí ẹ wo. Ta ló ń dúró níbo? Ta ló ń tú ìdí àwọ̀n? Apá ibo ni ẹja ń ya sí? Ibo ni oòrùn tàbí iná wà? Ẹ kọ aago sílẹ̀: ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìgbà tí àwọ̀n hàn, ìgbà tí ẹja bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá máa fa àwọ̀n ìkejì, ẹ ti ní ìṣirò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtúsílẹ̀ àpò àwọ̀n tó ń wọ́ ilẹ̀ òkun, torí òun ni gbogbo ayafọ́tò ń wá, òun náà sì ni wọ́n máa ń pàdánù jù. Ẹ̀rọ á gbé àpò náà rọ̀ sókè, á máa fì, omi á máa ṣàn lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á na ọwọ́ sí kókó kan tí wọ́n ta sí ìdí àpò, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á sì tètè kúrò níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo ẹja ti dà sílẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní òdìkejì ibi tí àpò ń fì sí, ní ìta ibi tí ẹja ń ya dé, pẹ̀lú lẹ́ńsì 24 sí 35 àti 1/1000. Ọwọ́ tó wà lórí kókó ni kí ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí, kì í ṣe àpò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ tó fà, torí ẹni tó bá dúró de ìgbà tí ẹja bá jáde yóò rí òkìtì ẹja nìkan, kò ní rí èèyàn.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ fọ́tò kì í gbé jáde: bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìn kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra, nítorí náà ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìfàkùn á máa wo ọwọ́ ẹni tó wà létí omi. Ọwọ́ tó gbé sókè túmọ̀ sí nǹkan kan, èyí tó yí po túmọ̀ sí òmíràn. Ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ wà. Fọ́tò tó mú àwọn méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú wáyà láàárín wọn ń ṣàlàyé iṣẹ́ yìí ju ogún fọ́tò ẹja lọ.

Lẹ́yìn náà ló kan tábìlì ìṣàja. Ẹ ní àkókò níbẹ̀, ẹ sún mọ́ wọn: ìbọ̀wọ́ tó ti ya ní àtàǹpàkò, ìpẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀bẹ tí wọ́n ti pọ́n títí ojú rẹ̀ fi tín-ín-rín. Ẹ má ṣe fi ìgúnpá yín dí apá ẹni tó mú ọ̀bẹ.

Àkókò tí kò sí iṣẹ́, àti òtítọ́

Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n dí ojú àwọ̀n tó ya, ẹni tó sùn lọ sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn wà lára iṣẹ́ náà. Àdéhùn nọ́ńbà 188 ti ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2007 tó sì di òfin ní 2017 fún àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà á, ní kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìpẹja tó bá lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lójú òkun ní ìsinmi wákàtí 10, ó kéré tán, nínú wákàtí 24, àti wákàtí 77 nínú ọjọ́ méje. Bí ẹ bá ń kọ aago sílẹ̀ bí a ṣe ní kí ẹ máa kọ ọ́, fọ́tò yín lè fi hàn bóyá wọ́n ń sinmi tàbí wọn ò sinmi. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ń sùn sí, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sùn nígbà tó bá jí, kí ẹ tó lo fọ́tò rẹ̀.

Ẹ má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni tún nǹkan ṣe nítorí kámẹ́rà. Ìgèrè òmíràn ń bọ̀, ẹ dúró. Ẹja tí wọn ò fẹ́ tí wọ́n ń dà padà sómi, ọgbẹ́, ìbínú, àwọ̀n tó jáde lófo: ẹ yà wọ́n. Nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ lè tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe, ẹ lè na ìlà òkun tó wọ́ kó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ ohun tó wà níbẹ̀ kúrò, ẹ má sì ṣe fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Àṣírí kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ bò: ibi tí wọ́n ti rí ẹja. Òun ni oúnjẹ wọn. Ẹ pa GPS (ohun tó ń sọ ibi tí èèyàn wà) inú kámẹ́rà àti fóònù, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn fọ́tò tí ẹ yà nínú yàrá ọ̀gá, torí nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà lójú omi sábà máa ń hàn kedere lójú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò àti ìpamọ́

Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an: orúkọ ẹni náà bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀, ohun tó ń ṣe, orúkọ ọkọ̀, irú àwọ̀n, orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹja náà àti orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, ọjọ́ àti agbègbè bó bá ṣe wà nínú àdéhùn. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò; yíǹkì á ṣàn. Gbígba ohùn sílẹ̀ lórí dẹ́kì kò dára, afẹ́fẹ́ á bo gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó sùn, ẹ da fọ́tò ọjọ́ náà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan wà nínú àpò tí omi kò lè wọ̀. Ẹ má ṣe pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀ tí ẹ ó sì ní ẹ̀dà kẹta. Nígbà tí ẹ bá ń ṣà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó dára sàn ju ọgọ́ta tó jọra. Ẹ rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àárín rẹ̀ àti òpin rẹ̀ hàn, pé ojú, ọwọ́ àti ọkọ̀ lódindi wà níbẹ̀.

Ẹ tẹ fọ́tò jáde fún olúkúlùkù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè. Èyí tó wù yín jù lè máà jẹ́ èyí tó wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ èyí tí wọ́n dúró dáadáa tí ojú wọn mọ́lẹ̀, ọ̀gá sì máa ń fẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí orúkọ ara rẹ̀ ṣeé kà, nígbà tí oòrùn wà lẹ́yìn ayafọ́tò. Ẹ yà á kí ẹ tó kúrò ní èbúté.